Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Mi Parí Fíìmù ní Pobè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ má bi mí pé èló ni wọ́n ń san, nítorí n kò ní í dáhùn. Wọ́n san án, mo jẹun, mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ dùn ju owó lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun kan, tí mò ń fi ẹnu mi túmọ̀ sinimá fún àwọn èèyàn Pobè, Sakété àti àwọn abúlé tó wà láàárín. Àlàkẹ́ Ẹnu-Sinimá ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ di òní. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ti ń yá gágá.

Nígbà yẹn, èdè Faransé ni gbogbo fíìmù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ń sọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí yòvó, ìyẹn òyìnbó, bá la ẹnu nínú àwòrán, èmi náà á la tèmi. Bí ìyàwó ilé bá ń ráhùn, mo di ìyàwó ilé. Bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá ń jágbe, mo jágbe. Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Ọjọ́ tí mo lọ gba káàdì ìdánimọ̀, akọ̀wé bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ṣàlàyé fún un títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, ó wá kọ "ìyàwó ilé" síbẹ̀. Mo já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ tíì lọ́kọ nígbà náà.

Ahoyéyé ni wọ́n ti bí mi, nínú oko ọ̀pẹ àti àgbàdo. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì wá ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Pobè. Bí mo bá ti lọ wo sinimá, ọjọ́ kejì ni mo máa ń jókòó sídìí ààrò tí màá sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn obìnrin agbo ilé, títí ọbẹ̀ á fi jóná. Ọkùnrin kan ń kọjá lẹ́yìn ọgbà, ó dúró, ó gbọ́ mi, ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì. Mo lọ. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Ràímì, ọmọ Sakété. Aṣọ ni gbogbo ilé wọn ń tà, òun nìkan ló kọ aṣọ sílẹ̀ tó lọ ra ẹ̀rọ sinimá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí, n kò sì rí eyín rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́rin. Oṣù kìíní, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí aṣọ funfun náà, kí n máa fi etí nìkan gbọ́ fíìmù. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á bi mí pé ta ló wọlé. Bí mo bá ṣì í, èmi ni màá fi ọwọ́ yí gbogbo fíìmù náà padà sára kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀, láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì, ó fi òwú dí mi létí méjèèjì, ó ní kí n máa wò ó láìgbọ́ nǹkan kan, kí n máa sọ ohun tí wọ́n ń rò fún òun láti ojú àti ọwọ́ wọn.

Mo sunkún lọ bá àǹtí mi, mo ní orí ọkùnrin yìí ti yí.

Àǹtí mi ní, "Iṣẹ́ wo lo rí tí kò ní wèrè tirẹ̀? Nu ojú rẹ, kó o padà síbẹ̀."

Òfin mẹ́ta ló fún mi. Èkíní, mo gbọ́dọ̀ wo fíìmù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, ẹnu mi kò gbọdọ̀ ṣáájú àwòrán. Ẹ̀kẹta, bí mo bá dé ibi tí kò yé mi, kí n sọ fún àwọn èèyàn pé kò yé mi. Mo rò pé eré ni èkejì, àfi ìgbà tí a dé Takon. Olè kan wọ ilé nínú fíìmù, mo sì kígbe pé ó fẹ́ fi ọ̀bẹ gún ọkùnrin yẹn, nígbà tí ọ̀bẹ kò tíì jáde lápò. Ọ̀gá dá ẹ̀rọ dúró. Ó rìn wá sí iwájú gbogbo èrò.

"Àlàkẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀?"

"Ọ̀gá, mo ti wò ó tẹ́lẹ̀."

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ṣé wọ́n ti wò ó?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Nígbà náà, ìwọ lo gún un, kì í ṣe olè. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀ bẹ gbogbo Takon. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí oṣù fi parí, mo sì bínú sí Ọ̀gá Ràímì débi pé n kò kí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò tilẹ̀ jọ pé ó mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí èmi àti òun kò fẹnu kò lé lórí, ìyẹn ni ìkíni. Àwọn yòvó inú fíìmù kì í kí èèyàn. Ẹnìkan á wọlé bá àgbàlagbà, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí i. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú á bí àwọn arúgbó tó jókòó níwájú. Mo wá ń fi ẹ kú ilé àti ẹ kú ìjókòó sí wọn lẹ́nu. Ọ̀gá Ràímì ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. "Kò kí i, Àlàkẹ́. Má bá a kí i." Mo ní àwọn èèyàn máa bú u. Ó ní kí wọ́n bú u, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Òun ni ọ̀gá, mo gbà fún un.

Kí n tó dé orí ọ̀ràn tó gbé mi dìde, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ̀rọ̀ irinṣẹ́, torí ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wúwo bí òkú ewúrẹ́. Fíìmù rẹ̀ gùn bí okùn aṣọ, ó máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá tán, a ó tan iná, a ó fi òmíràn sí i. Bí ó bá há síwájú gílóòbù, á yọ́, á máa rùn, ìwọ á sì gé e, wàá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nígbà tí èrò bá ń pariwo lé ọ lórí. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ọ̀gá Ràímì kọ̀ láti fọwọ́ kàn án, ó ní èèyàn kò lè rí fíìmù lára rẹ̀ bó bá gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀. Èmi ra tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, díìsì dé, mo túmọ̀ rẹ̀ ní Aguidi pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, inú mi dùn bí ìyàwó tuntun. Àwọn fíìmù tó ń ti òdìkejì ààlà wá, tí wọ́n ń sọ Yorùbá fúnra wọn, ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi níkẹyìn. N kò bá wọn jà. Mo jókòó láàárín àwọn èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi náà wò ó bí olówó, mo sì fẹ̀yìn tì.

Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ti Fíìmù Kòmísẹ́ẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi gbé fóònù wá hàn mí pé àwọn ọ̀mọ̀wé yòvó ṣì ń kọ̀wé lórí fíìmù náà. Wọ́n ní owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, pé nígbà tó kọ́kọ́ jáde kò sẹ́ni tó kà á sí, pé ó ti wá di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí ọ̀mọ̀wé kankan nínú wọn tó mọ ohun tí Pobè fi ojú rí nídìí fíìmù yẹn.

Ọdún kẹrin tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Ràímì wú, kò lè kúrò ní Sakété, mo sì ti mọ ẹ̀rọ náà débi pé ó ní kí n máa dá a ṣe ní Pobè. Ọjọ́ Sátidé ni. Gbọ̀ngàn sinimá ti kún láti aago mẹ́ta, a ti fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé. Fíìmù tó yẹ kó ti dé láti Àjàṣẹ́ láti Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé náà ló tó bá tasí dé. Ààyè àtiwò ó lẹ́ẹ̀mẹta dà? N kò wò ó rárá. Mo ní etí mi ti gbó, ojú mi ti là, ohun tó bá dé kí ó dé.

Fíìmù náà kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun lásán ni. Bàbá olówó kan kú sórí àga nínú yàrá rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló wà nílé: ìyàwó rẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ìdajì tirẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dókítà rẹ̀, àti ẹni tó ń tọ́jú ọgbà. Kòmísẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá kan dé, àgbàlagbà tí kóòtù rẹ̀ ti gbó, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní í jáde títí òun á fi mọ ẹni tó pa á. Kò sí ìbọn, kò sí ìjà, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó ṣe é kò sì lówó lọ́wọ́, gbogbo wa la rí i. Ilẹ̀kùn kan náà tí igi rẹ̀ ti là nísàlẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá òkú, òun ni ilẹ̀kùn ilé dókítà, òun náà ni ilẹ̀kùn àgọ́ ọlọ́pàá. Àwòrán tó wà lára ògiri nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Níbì kan, òjìji ọ̀pá gígùn kan kọjá lára ògiri lókè orí wọn. Ọ̀gá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń gba ohùn ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, gbogbo gbọ̀ngàn ló fò dìde, wọ́n ní òkú ti dé, ó fẹ́ nàka sí ẹni tó pa òun.

Ẹ̀yin ọmọ, ó dùn. N kò tíì rí kí èrò gbọ́ fíìmù bẹ́ẹ̀ rí. Kòmísẹ́ẹ̀ wọ ilé ọ̀fọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì lọ jókòó sórí àga olóògbé.

"Òun náà ni," obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ẹni tó wọ ilé òkú tí kò kí aráálé, kí lẹ tún ń wá?"

"Ọlọ́pàá ni, màmá," ẹnìkan dá a lóhùn.

"Ọlọ́pàá kò ní ìyá ni?"

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kẹta fi máa tán, gbọ̀ngàn ti pín sí mẹ́ta. Àwọn arúgbó ní kòmísẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọkùnrin ní dókítà ni, àwọn ọ̀dọ́ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi bàtà lu ilẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ kẹrin sórí ẹ̀rọ, mo pa iná.

Màlúù jáde.

Màlúù funfun mẹ́ta, àti ọkùnrin kan tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kòmísẹ́ẹ̀ máa tó yọ láti ẹ̀yìn wọn. Kò yọ. Àwọn tó yá wa ní fíìmù ti fi kẹ̀kẹ́ fíìmù àjẹsára ẹran sínú àpótí wa. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo ṣí fèrèsé kan kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń pè mí lẹ́ẹ̀kan náà: "Àlàkẹ́, ta ló pa á?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ojú mi sì bọ́ sí òdìkejì òpópónà láti ojú fèrèsé, mo rí Ìyá Felí níwájú ilé rẹ̀, ó ń ránṣọ. Aránṣọ ni. Kò tíì pé oṣù kan tí ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akérò, sùn tí kò jí. Gbogbo Pobè ló sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ní ọjọ́ ìsìnkú, omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Opó tí kò sunkún lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń rò nípa rẹ̀. Mo rántí pé ìyàwó inú fíìmù náà kò sunkún.

"Ìyàwó rẹ̀ ni," mo ní.

Mo wá gbé e kalẹ̀ fún wọn láti inú orí mi, láìsí àwòrán. Mo ní ó fi májèlé sínú kọfí ọkọ rẹ̀. Mo ní kòmísẹ́ẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó bi í pé, "Ọkọ rẹ kú, ojú rẹ gbẹ bí ojú aláǹgbá. Ta lo rò pé o ń tàn?" Mo ṣe ohùn ìyàwó náà bó ṣe ń jẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ débi pé ẹ̀rù ba èmi fúnra mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n gbé mi lé èjìká jáde. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ ọ́, ojú Ìyá Felí ló wà níwájú mi, n kò ní í purọ́ fún yín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gba aṣọ wọn padà lọ́wọ́ Ìyá Felí, èyí tó ti gé àti èyí tí kò tíì gé. Àwọn kan ní àwọn kò fẹ́ kó fi okùn ìwọ̀n wọn àwọn lára mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Akànbí wá bá mi nílé àǹtí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àlàkẹ́, o ṣeun. Ohun tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù láti sọ, o ti bá wa sọ ọ́."

"Fíìmù ni mo sọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó lọ́gbọ́n ló ń mọ ibi tí fíìmù ń lọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ẹbí máa jókòó. Obìnrin yẹn máa kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé ẹ̀gbọ́n mi. Felí á dúró lọ́dọ̀ wa."

Felí ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́fà nígbà náà. Mo mọ̀ pé bí ìyá náà bá pàdánù ilé àti ọmọ, ẹnu mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ tasí lọ sí Sakété láì jẹun.

Ọ̀gá Ràímì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó gbọ́ mi dópin. Kò pariwo.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo wò ó?"

"N kò wò ó, ọ̀gá."

"Ìwọ wá mọ ẹni tó pa á."

Mo dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Dìde. Lọ sí Àjàṣẹ́, kó o gba kẹ̀kẹ́ kẹrin wá. Má padà wá láìsí i."

Mo lọ. Ẹni tó yá wa ní fíìmù tọrọ àforíjì, ó ní òun á fi fíìmù mìíràn kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ti àwọn kan náà tó ṣe ti kòmísẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Mo kó gbogbo rẹ̀, mo padà sí Sakété, a ti fèrèsé yàrá Ọ̀gá, a sì fi kẹ̀kẹ́ kẹrin sórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan. Mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ dókítà. Kó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n. Kó tilẹ̀ jẹ́ kòmísẹ́ẹ̀ aláìmọ̀kíni.

Ìyàwó ni. Kì í ṣe kọfí ló lò, inú ìgò oògùn ló fi í sí, ṣùgbọ́n òun náà ni. Afọ́jú sọ òkò, òkò ba ẹyẹ. Mo bú sẹ́kún.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ju kẹ̀kẹ́ yìí sí kànga. Ká sọ fún wọn pé dókítà ni."

"Irọ́ kejì lo fẹ́ fi wo ti àkọ́kọ́ sàn?" Ó mi orí. "A ó fi hàn wọ́n bó ṣe rí. Fi èyí tí wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn sí i, ká wo bóyá ó dáa."

Mo fi sí i nítorí pé n kò lè kọ̀ fún un. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde ni ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tí igi rẹ̀ ti là nísàlẹ̀. Ó ṣí, bàbá olówó tó ti kú sórí àga sì jáde láti inú rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó gbé búrẹ́dì sábẹ́ apá, ó ń kọrin. Ó ti di oníbúrẹ́dì abúlé. Ìyàwó tó pa á sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó ti di obìnrin ìjọ Àgùdà tó fi aṣọ funfun borí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ọmọ aláìníyàá ní búrẹ́dì. Àwọn tó ṣe fíìmù náà kò lówó tí wọ́n fi máa wá òṣèré mìíràn.

Mo yíjú wo Ọ̀gá. Eyín rẹ̀ funfun, ó sì pé. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi lu ilẹ̀, ó tún ń ké yéè.

Ó ku ibi tó le jù. Mo lọ bá Ìyá Felí ní ọjọ́ Ẹtì. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀rọ náà. Mo kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo sọ pé mo pa ọkọ mi."

"Obìnrin inú fíìmù ni mo sọ, màmá."

"Ta lò ń wò nígbà tí ò ń sọ ọ́?"

N kò lè purọ́ níwájú ojú yẹn. "Ẹ̀yin ni, màmá."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò sunkún."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu ara ọmọ. "Ọkọ mi sùn tì mí lálẹ́, ó bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n jí òun ní kùtùkùtù. Mo ṣì ń dúró de kó jí. Ẹni tó bá ń dúró de èèyàn, ṣé ó máa ń sunkún rẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá sí gbọ̀ngàn ní ọ̀la. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tó wà nínú kẹ̀kẹ́ kẹrin. Ó ní òun máa wá, pé òun kò ní ohun tí òun máa fi pamọ́.

Ọjọ́ Sátidé, ẹnu ọ̀nà kò gba èèyàn. Ọ̀gá Ràímì fi ọ̀pá rìn wọlé, òun ló jókòó sídìí ẹ̀rọ. Akànbí àti ẹbí rẹ̀ wà lápá kan, ìyá rẹ̀ arúgbó, tó jẹ́ ìyá ọkọ Ìyá Felí, wà láàárín wọn. Ìyá Felí nìkan wà lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í. Mo dúró síwájú, mo sọ pé, "Mo parọ́ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò rí òpin fíìmù yẹn. Láti inú orí mi ni mo ti sọ ọ́, ẹnìkan sì wà ládùúgbò yìí tí mo fi ọ̀rọ̀ mi pa lára." Wọ́n kùn. Mo ní kí Ọ̀gá tan ẹ̀rọ.

Kẹ̀kẹ́ kẹrin yí. Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Nígbà tí ìyàwó náà jẹ́wọ́, Akànbí dìde.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ó ní òun parọ́, irọ́ náà sì jóòótọ́!"

Gbogbo ojú yí sí bẹ́ǹṣì Ìyá Felí. Kò mira.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ó ku ọ̀kan."

Ilẹ̀kùn ṣí. Oníbúrẹ́dì jáde.

Arúgbó kan níwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ gbà mí, òkú ọjọ́sí nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni ìyàwó náà yọ pẹ̀lú aṣọ funfun lórí, ó kí òkú rẹ̀, òkú rẹ̀ sì fún un ní búrẹ́dì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn, àwọn kan ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnìkan pariwo pé, "Akànbí, sáré lọ mú un, apààyàn ti di olùfọkànsìn!" Ẹ̀rín yẹn wọ inú ẹbí Akànbí pẹ̀lú, mo rí i tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń bo ẹnu. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí, mo ń túmọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyá Felí ti dìde. Ó ń wo oníbúrẹ́dì náà, bó ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ara líle.

"Ọkọ tirẹ̀ jí," ó ní. "Tèmi kò jí."

Ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìsìnkú tí a máa ń fi àṣà ké. Ó sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún nígbà náà, títí ẹ̀rín fi tán nínú gbọ̀ngàn díẹ̀díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde láàárín ẹbí. Ó fọwọ́ ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rìn kọjá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó sì fa Ìyá Felí jókòó, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Akànbí," arúgbó náà ní, láìwo ẹ̀yìn, "kò sí ìjókòó ẹbí lọ́la."

Oníbúrẹ́dì ṣì ń sọ̀rọ̀ lára aṣọ funfun. Ó ń bá obìnrin náà sọ ohun kan, ọ̀rọ̀ náà sì gùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. N kò la ẹnu mi. Kò sì sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo gbọ̀ngàn náà tó bi mí pé kí ló wí.